Ọ̀rá Omi Ilé Ìyá Mi

Èmi ni mo ba iye yẹn jẹ́. Mo fẹ́ kọ ìyẹn sílẹ̀ ná, torí mo mọ ara mi: tí mo bá ti ibòmíràn bẹ̀rẹ̀, n óò máa yí i po títí ẹ ó fi rò pé òjò ló fà á, tàbí ọ̀nà tí kò dára, tàbí àwọn ọ̀gá tó wà ní Àbújá. Kì í ṣe wọn. Nígbà tí wọ́n bá ń kà á lórí rédíò pé báyìí ni ọ̀rá àti ike tí àwa ará Èkìtì ń jù nù ṣe pọ̀ tó, mo máa ń dín ohùn rédíò náà kù, nítorí pé apá kan nínú iye yẹn, apá ti ìhà Ìsẹ̀, ẹnu mi ló ti jáde, mo sì mọ ohun tí mò ń ṣe lọ́jọ́ tí mo sọ ọ́. Ìlara ló ń dà mí láàmú. N kò ní orúkọ mìíràn tí mo lè pè é.

Òórùn àpò tuntun ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí. Àwọn àpò funfun bíi ti ìrẹsì, tí ẹnikẹ́ni kò tíì lò rí, ni wọ́n kó jọ gègèrè síwájú gbọ̀ngàn kan ní Ìkẹ́rẹ́, níbi tí àpáta ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fara kan ògiri ẹ̀yìn. Àwa ọ̀dọ́ mélòó kan jókòó sórí àga, à ń wo ara wa lójú. Wọ́n ní ìjọba àpapọ̀ fẹ́ mọ bí ọ̀rá àti ike tí wọ́n fi ń di ọjà ṣe pọ̀ tó nínú ìdọ̀tí wa, àti pé láti ìlú dé ìlú ni wọ́n máa wọ̀n ọ́n. Mo ti ṣe ìdánwò àṣejáde girama lẹ́ẹ̀mejì nígbà yẹn, ìṣirò sì kọ̀ mí lẹ́ẹ̀mejèèjì. Ẹ wá wo ẹni tí wọ́n mú pé kó wá bá orílẹ̀-èdè ka nǹkan.

Obìnrin kan tó wá láti Ìbàdàn ni ọ̀gá wa. Màdáámù ni gbogbo wa ń pè é. Kì í pariwo, ṣùgbọ́n tó bá ti yọ awò ojú rẹ̀, o ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ gidi ló fẹ́ sọ. Ó ṣàlàyé iṣẹ́ náà fún wa. Ilé tí ó bá wà lórí ìwé nìkan ni kí a wọ̀. Kí a fún wọn ní àpò kan, kí wọ́n máa ju gbogbo ọ̀rá àti ike tí wọ́n bá ń dà nù sínú rẹ̀ fún ọjọ́ méje. Lọ́jọ́ kẹjọ, kí a padà lọ fi òṣùwọ̀n oníkọ́ gbé àpò náà sókè, kí a ka ibi tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ bá dúró sí, kí a kọ ọ́ sínú fóònù tí wọ́n fún wa, kí a sì tún pín àpò mìíràn fún ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọ̀rá tí wọ́n bá ṣì ń lò nínú ilé, a kò gbọdọ̀ wọ̀n ọ́n mọ́ ọn. Ó tún ìyẹn sọ lẹ́ẹ̀mẹta. Ó wá yọ awò rẹ̀.

"Gbogbo ilé kọ́ la lè wọ̀," ó ní. "Ilé kan tí ẹ bá wọ̀, òun ló ń sọ̀rọ̀ fún ọ̀pọ̀ ilé tí ẹ kò ní fojú rí. Tí ẹ bá parọ́ mọ́ ilé kan, gbogbo àdúgbò lẹ parọ́ mọ́ yẹn o."

Gbogbo wa dáhùn pé, "Yẹs mà." Èmi náà dáhùn.

Kí a tó túká, ó ní nígbà tí iṣẹ́ náà bá parí, ẹnì kan nínú wa ni wọ́n máa mú mọ́ra, tí á máa bá wọn ṣiṣẹ́ lọ ní gbogbo ìhà gúúsù Èkìtì. Ẹni náà á ní káàdì tí wọ́n lẹ àwòrán rẹ̀ mọ́, tí á máa so ó mọ́ ọrùn. N kò gbọ́ ohun tó kù tó sọ. Mo ti ń wo ara mi pẹ̀lú káàdì náà lọ́rùn, mo ń gba iwájú ilé àwọn tí a jọ parí girama kọjá, mo ń ṣe bí ẹni tí kò rí wọn.

Ọmọ tíṣà jókòó sí ẹ̀gbẹ́ mi lọ́jọ́ yẹn. Bàbá rẹ̀ ń kọ́ni ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga, ṣùgbọ́n tíṣà ni gbogbo àdúgbò ń pè é, nítorí náà ọmọ tíṣà ni a ń pe òun náà. Láti ojú àkọ́kọ́ ni n kò ti fẹ́ràn rẹ̀. Bàtà rẹ̀ jẹ́ irú èyí tí omi kì í wọ̀. Ó ní agboòrùn kékeré kan tí a lè ká sínú báàgì. Mo bi ara mi léèrè pé kí ni ẹni tí bàbá rẹ̀ ní mọ́tò, tí wọ́n ní fíríìjì nílé, ń wá láàárín àwa tó fẹ́ máa wọn ìdọ̀tí. Mo ti pinnu pé kò ní lò ju ọ̀sẹ̀ kan lọ. Mo tún pinnu pé tó bá dúró, iṣẹ́ ni kò ní mọ̀ ọ́n ṣe. Nígbà tó dúró, tó sì mọ̀ ọ́n ṣe, ó dà bí ẹni pé ó rẹ́ mi jẹ.

Wọ́n pín àwa méjèèjì sí Ìsẹ̀. Ọ̀nà ńlá kan ló là wá láàárín: ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún jẹ́ tèmi, ẹ̀gbẹ́ òsì jẹ́ tirẹ̀. Ọmọ Ìsẹ̀ ni mí, ilé ìyá mi sì bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ òsì. Òfin iṣẹ́ náà ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọn ìdọ̀tí ilé ẹbí rẹ̀, nítorí náà Màdáámù ní bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Inú mi kò dùn. Ó ṣe mí bí ẹni pé wọ́n fún un ní kọ́kọ́rọ́ ilé wa.

Ẹni tí kò bá mọ ìhà ọ̀dọ̀ wa kò ní mọ ohun tí ọ̀rá omi jẹ́ fún wa. Ọ̀rá piọ́ wọ́tà tí àwọn ará Ìkẹ́rẹ́ ń mu omi inú rẹ̀ tán, tí wọ́n ń jù sí gọ́tà, nọ́sìrì kòkó ni tiwa ń lọ. Láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni àwọn ìyá wa ti máa ń kó o pamọ́. Wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á sá a sórí okùn bí aṣọ ọmọ tuntun. Bí òjò bá ti sún mọ́, wọ́n á gé orí rẹ̀, wọ́n á fi ìṣó lu ìdí rẹ̀ kí omi lè máa jò, wọ́n á rọ iyẹ̀pẹ̀ dúdú kún un, wọ́n á fi hóró kòkó kan sí i. Mo dàgbà sáàárín ọ̀rá tó ń gbọ̀n lórí okùn. Mo mọ ohùn tó máa ń ṣe tí afẹ́fẹ́ bá fẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí ìyẹn tí mo bá dé ibi tí mò ń lọ, torí ẹnikẹ́ni kò lè sọ pé n kò mọ̀.

Lọ́jọ́ ìwọ̀n àkọ́kọ́, àwọn àpò ẹ̀gbẹ́ tèmi fúyẹ́. Mo gbé wọn kọ́ sórí òṣùwọ̀n, abẹ́rẹ́ náà kàn mira díẹ̀, ó dúró. Ọ̀rá bisikíìtì, ọ̀rá iyọ̀, ike ọṣẹ tó ti fọ́. Mo kọ ọ́ bó ṣe rí, mo búra pé bó ṣe rí ni mo kọ ọ́ ní ọ̀sẹ̀ yẹn. Ní ọ̀sán, ebi ń pa mí, mo wá sọdá ọ̀nà lọ sílé ìyá mi.

Bí mo ṣe yọ ní ẹ̀yìn ilé, ọmọ tíṣà ni mo rí lórí àpótí kékeré, ó ti ká apá ẹ̀wù rẹ̀ dé ìgúnpá, iyẹ̀pẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀ dé ọrùn ọwọ́. Òun àti ìyá mi ń rọ iyẹ̀pẹ̀ sínú ọ̀rá. Òṣùwọ̀n rẹ̀ wà lára ẹ̀ka igi ọsàn, àpò tó so mọ́ ọn fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní nǹkan kan nínú.

"Ìwọ náà ti dé," ni ìyá mi wí. "Wá wo ẹnì kejì rẹ. Mo ní kó dúró kí n ṣa nǹkan kún àpò ìjọba, kó má baà dà bí ẹni pé ulé yìí kò ní nǹkan. Ó ní rárá, èyí tí n kò bá jù nù, kò kan òun. Ló bá jókòó tì mí."

"Wọn kò rán an ní iyẹ̀pẹ̀," ni mo wí.

"Ìwọ tí mo máa ń rán ní iyẹ̀pẹ̀, ìgbà wo lo rọ ọ́ kẹ́yìn?"

Ọmọ tíṣà rẹ́rìn-ín. Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ o, ẹ̀rín lásán ni, irú èyí tí èèyàn máa ń rín nígbà tí ara bá tù ú níbì kan. Ìyẹn gan-an ló dùn mí. Ó ní, "Màmá ní tí mo bá kún ọ̀rá náà jù, gbòǹgbò kò ní mí. Mo ti ba mẹ́ta jẹ́."

"Mẹ́rin," ni ìyá mi wí. "Mo fi ìkan pamọ́ kí ojú má baà tì ọ́."

Ìyá mi dìde, ó lọ bu oúnjẹ. Àwo kan wà nílé wa, àwo tánganran aláwọ̀ aró tí etí rẹ̀ ti hó, tí wọ́n ya òdòdó pupa kan sí inú rẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti mọ nǹkan ni wọ́n ti ń fi àwo yẹn bu oúnjẹ fún mi. Bí mo bá jẹun tán, mo máa ń rí òdòdó náà, mo sì máa ń mọ̀ pé mo ti yó. Ìyá mi gbé e jáde, iyán wà nínú rẹ̀, orí ẹja wà lórí ọbẹ̀, ó gbé e síwájú ọmọ tíṣà. Ó ní, "Jẹun, ọkọ mi. Uṣu gidi ni." Ó gbé tèmi wá nínú abọ́ ike kan tí a gbà níbi ìsìnkú. Mo jẹun. Ṣùgbọ́n mo ń wò ó bó ṣe ń jẹ ẹ́ lọ, títí òdòdó náà fi yọ.

Lẹ́yìn tó jẹun, ó fọ ọwọ́, ó mú fóònù, ó kọ ìwọ̀n àpò náà, ó sì kọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ sí ibi tí wọ́n fi sílẹ̀ fún àlàyé. Kó tó pa á dé, ó kà á fún ìyá mi ní Yorùbá, kí ìyá lè mọ ohun tí òun sọ nípa ilé rẹ̀: pé ilé yìí kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ju nǹkan kan nù, pé wọ́n ń fi ọ̀rá omi gbin kòkó. Ìyá mi mi orí bí ẹni tí wọ́n kà lẹ́tà rẹ̀ fún. Títí di òní, n kò tíì rí ẹni mìíràn tó wá ka nǹkan nílé ẹni tó sì jẹ́ kí onílé mọ ohun tí òun kọ.

Mo sọdá padà sí ẹ̀gbẹ́ tèmi. Ìyá arúgbó kan wà níbẹ̀ tó ń ta iyọ̀ àti magí. Ó pè mí. Wọ́n ti pín ìrẹsì rí ní àdúgbò yẹn, wọ́n kọ orúkọ àwọn èèyàn, àwọn kan gbà, àwọn kan kò gbà, òun sì wà lára àwọn tí kò gbà.

"Ọkọ mi," ó ní, ó rọra sọ ọ́, "ṣé ẹni tí àpò rẹ̀ bá wúwo jù ni wọ́n máa kọ́kọ́ fún?"

Ó yẹ kí n sọ pé rárá, ìyá, kò sí ohun tí wọ́n fẹ́ pín. Gbólóhùn kan péré ni. Ọmọ tíṣà ti ń sọ ọ́ nílé kọ̀ọ̀kan kí ó tó jókòó, mo gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n mo rẹ́rìn-ín, mo ní, "Ìyá, ẹ ṣáà máa kó ohun tí ẹ bá ní sínú rẹ̀. Èmi kọ́ ni n óò sọ ohun tí Ọlọ́run fẹ́ ṣe." Mo ń fi obìnrin náà rẹ́rìn-ín nínú ara mi pé ó rò pé àpò tó bá wúwo ló ń rí nǹkan gbà. Bẹ́ẹ̀ ohun tí èmi náà gbà gbọ́ nìyẹn. Mo ti rò ó pé Màdáámù á wo ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, á rí i pé àpò tèmi ló wúwo, á sì sọ pé èmi ni mo ṣiṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ náà tàn ká ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́. Nígbà tí mo padà dé ní ọ̀sẹ̀ kejì, àwọn àpò náà ti kún dé ẹnu. Wọ́n ti tú ọ̀rá sílẹ̀ lórí okùn. Wọ́n ti lọ ṣa ike lẹ́yìn ilé ìwé. Àwọn kan tilẹ̀ da iyẹ̀pẹ̀ kúrò nínú èyí tí wọ́n ti rọ, hóró kòkó tó ti ń la ẹnu wà nínú àpò. Mo rí iyẹ̀pẹ̀ náà. Mo gbọn díẹ̀ dànù, mo wọn ìyókù. Abẹ́rẹ́ òṣùwọ̀n lọ títí. Ìyá oníyọ̀ dúró tì mí, ó fẹ́ mọ̀ bóyá tirẹ̀ ju ti ilé kejì lọ. Mo ní ó jù ú. Inú rẹ̀ dùn.

Èmi àti ọmọ tíṣà jọ ń wọ ọkọ̀ padà sí Ìkẹ́rẹ́ tí a ń gbé ni lójoojúmọ́, mọ́tò tí wọ́n ń kó èèyàn mẹ́rin sẹ́yìn, tí orúnkún ẹni á máa gún ìhà ẹni kejì. Lọ́jọ́ kan, òjò mú wa lọ́nà, dírẹ́bà sì dúró. Ọmọ tíṣà ń wo omi lára gíláàsì. Ó ṣàdédé sọ fún mi pé òun ti wà ní yunifásítì rí, pé iṣẹ́ dókítà ni bàbá òun fi òun sí, pé ní ọdún kẹta orí òun kọ̀ ọ́, òun kò lè sùn, òun kò lè kàwé, wọ́n sì mú òun padà wálé. Ó ní bàbá òun kì í bá òun jẹun lórí tábìlì kan náà mọ́.

"Iṣẹ́ yìí ni èyí àkọ́kọ́ tí mo wá fúnra mi," ó ní. "Tí wọ́n bá mú mi mọ́ra, màá fi káàdì náà hàn án. Màá kàn gbé e sórí tábìlì ni. N kò ní sọ nǹkan kan."

Mo ní, "Ọlọ́run á ṣe é." Mo sọ ọ́ bí ẹni tó ń kí ẹni tí kò mọ̀ rí. Ó yẹ kí ọkàn mi rọ̀. Ẹ óò rò pé ó rọ̀. Ohun tí mo ń rò ni pé òun náà fẹ́ káàdì yẹn, pé ó tún ní ìtàn tó lè mú Màdáámù ṣàánú rẹ̀, pé kò sí ohun tí èmi ní tí òun kò ní, àyàfi bàbá tí kì í bá èèyàn jẹun, bàbá tèmi kò sì sí láyé rárá. Mo ń jowú rẹ̀ nítorí ìbànújẹ́ rẹ̀ pàápàá.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, Màdáámù wá bá wa ní Ìsẹ̀. Ó ń lọ sí Òde-Èkìtì lọ́jọ́ yẹn, dírẹ́bà rẹ̀ kò sì pa ẹ́ńjìnì. A dúró sábẹ́ òrùlé ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti tì, òjò ń fọ́n. Ó ṣí fóònù wa méjèèjì, ó gbé wọn sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ó wo ibí, ó wo ọ̀hún.

"Ọ̀nà kan náà," ó ní. "Àwọn èèyàn kan náà. Báwo ni ti ẹ̀gbẹ́ kan ṣe pọ̀ tó báyìí, tí ti ẹ̀gbẹ́ kejì fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí?"

Ọmọ tíṣà ní, "Mà, wọ́n ń fi ọ̀rá gbin kòkó ni. Mo kọ ọ́ sí ibi àlàyé. Ẹ jẹ́ ká lọ wò ó, kò jìnnà."

Kò jìnnà lóòótọ́. Láti ibi tí a dúró sí, ilé ìyá mi kò ju kí èèyàn rìn dé ìdí igi ọsàn lọ, kí ó sì yà. Màdáámù wo òjò. Ó wo aago rẹ̀. Ó wá kọjú sí mi, ó yọ awò ojú rẹ̀.

"Ìwọ, ọmọ ibí ni ọ́. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?"

Mo ní, "Láyé àtijọ́ ni, mà. Ọ̀rá dúdú tí wọ́n ń tà lọ́jà ni gbogbo wọn ń lò báyìí."

"Ìyá tìrẹ ńkọ́?"

"Ìyá mi kì í gbin kòkó mọ́, mà."

Mo sọ ọ́ báyẹn. Ọmọ tíṣà yí ojú sí mi. Èyí tó rọ nínú ọ̀rá ìyá mi ti ń yọ ewé méjì-méjì lẹ́yìn ilé nígbà yẹn. Ó lè sọ pé, mà, irọ́ ló ń pa, mo jẹun nílé ìyá rẹ̀. Ó la ẹnu díẹ̀. N kò mọ ohun tó rò. Mo ti rò ó láti ọjọ́ náà, ohun tó sì ń wá sí mi lọ́kàn ni pé kò lè pe ọmọ ní onírọ́ nípa ìyá tó bí i, níwájú ọ̀gá, ní ìlú ọmọ náà. Wọ́n kọ́ ọ nílé ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó pa ẹnu dé.

Màdáámù ní ó dun òun, pé òun ti ń rò pé ọmọ tíṣà ṣeé fọkàn tán, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń kọ iye tí kò wọ̀n kò lè bá òun ṣiṣẹ́ mọ́. Ó ní kí a yọ gbogbo ìwọ̀n ẹ̀gbẹ́ òsì kúrò, kí a fi ti ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún dí i, nítorí pé ìlú kan náà ni. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn: tí ibì kan bá ṣófo, wọ́n á mú ti ibi tó sún mọ́ ọn. Àpò ìyá oníyọ̀, pẹ̀lú iyẹ̀pẹ̀ inú rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ fún ilé ìyá mi, ó sì ń sọ̀rọ̀ fún ọ̀pọ̀ ilé mìíràn tí n kò mọ̀. Ọmọ tíṣà tú òṣùwọ̀n rẹ̀, ó nu ìkọ́ rẹ̀ kí ó má baà dípẹtà, ó fi àkísà dì í, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún Màdáámù. Ó ní, "Ẹ ṣeun, mà." Ó ṣí agboòrùn rẹ̀, ó sì lọ dúró de ọkọ̀. Mo rántí pé ó fi àyè sílẹ̀ fún mi lábẹ́ agboòrùn náà. N kò lọ síbẹ̀.

Wọ́n fún mi ní káàdì náà. Mo so ó mọ́ ọrùn gba gbogbo ibi tí mo ti ṣètò pé n óò gbà kọjá. Ẹnì kan ní ó dà bí ẹni pé ó rẹ̀ mí nínú àwòrán náà. Àwọn yòókù kò wò ó. Mo lò ó fún ọdún kan àti díẹ̀, iṣẹ́ náà parí, wọ́n ní kí a dá káàdì padà.

Kí n tó dá a padà, mo rí ohun tí ọ̀rọ̀ ẹnu mi ṣe. Wọ́n kó àwọn àpótí ìdọ̀tí ńláńlá wá sí gúúsù Èkìtì, iye tí wọ́n ní ìlú kọ̀ọ̀kan ń jù nù ni wọ́n sì fi pín in. Ìsẹ̀ rí púpọ̀ gbà. Wọ́n gbé ọ̀kan sí ìta ilé ìyá mi. Òun àti àwọn obìnrin àdúgbò wò ó yí ká, wọn kò rí ìdọ̀tí tí wọ́n máa dà sí i, wọ́n wá ń kó iyẹ̀pẹ̀ nọ́sìrì pamọ́ sínú rẹ̀ kí òjò má baà fọ̀ ọ́ lọ. Ìyá mi ní ìjọba gbìyànjú. Ní Ìkẹ́rẹ́, ní ẹ̀bá ọjà níbi tí mò ń gbé, tí ọ̀rá fi ń dí gọ́tà ní tòótọ́, ẹyọ kan péré ni wọ́n gbé wá, kò sì pẹ́ tó fi kún àkúnya. Nígbà tí òjò ńlá rọ̀, omi wọ yàrá mi, mo tẹ̀ ba, mo ń fi ọwọ́ wa ọ̀rá kúrò lẹ́nu gọ́tà. Gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ti fi eyín já igun rẹ̀, wọ́n mu omi rẹ̀, wọ́n jù ú. Mo ń wà á, mo ń rò ó pé kò sí ẹni tó wọn èyí kún.

Ní ọdún tó kọjá, mo pàdé ọmọ tíṣà ní oríta Emùré. Ó ti ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé kan ní kọ̀ǹpútà níbẹ̀. Ó ti sanra díẹ̀. Ó ti jókòó sínú mọ́tò tó fẹ́ gbéra, òun ló kọ́kọ́ na ọwọ́ sí mi láti ojú fèrèsé.

"Màmá ńkọ́?" ó ní.

"Wọ́n wà."

"Ṣé wọ́n ṣì ń gbin kòkó?"

Mo wo ojú rẹ̀. Kò sí ẹ̀gàn níbẹ̀, kò sì sí ẹ̀rín. Mo ní, "Wọ́n ṣì ń gbìn ín."

Ó mi orí. "Inú ọ̀rá omi?"

"Inú ọ̀rá omi."

"Ó dára," ó ní. Mọ́tò sì lọ. Mo dúró níbẹ̀ bí ẹni tí wọ́n fi nǹkan sí lọ́wọ́ tí kò mọ ibi tí á gbé e sí. Mo ti sọ ọ́ fún un, ṣùgbọ́n òun kọ́ ni kò mọ̀ ọ́n. Ẹni tó yẹ kí n sọ ọ́ fún ni Màdáámù, létí ọmọ tíṣà, kí iye náà lè yí padà tó bá ṣì ṣeé yí, kí ọmọ tíṣà sì lè rí nǹkan gbé sórí tábìlì bàbá rẹ̀. Nọ́ńbà Màdáámù ṣì wà nínú fóònù mi. Mo máa ń tẹ̀ ẹ́ dé ìdajì.

Àwọn kòkó tí ọmọ tíṣà bá ìyá mi rọ ti di igi. Ìyá mi kò da wọ́n pọ̀ mọ́ ti ẹlòmíràn. Ìlà kan ni ó gbìn wọ́n sí ní ẹ̀bá odò, ó sì ń pè é ní ìlà ọmọ tíṣà. Ọdún yìí ni wọ́n kọ́kọ́ so. Nígbà tí mo lọ kí i, ó já èso méjì tó ti pọ́n dáadáa, ó wé wọn sínú ìwé ìròyìn, ó ní kí n mú wọn fún ẹnì kejì mi, kí n sọ fún un pé ọwọ́ rẹ̀ dára, pé ẹyọ kan kò kú nínú wọn yàtọ̀ sí mẹ́rin tó bà jẹ́ lọ́jọ́ náà. Kò mọ nǹkan kan. Kò mọ̀ pé mo ti sọ fún ọ̀gá kan lábẹ́ òjò pé òun kì í gbin kòkó mọ́.

Èso méjèèjì wà lórí fèrèsé mi bí mo ṣe ń kọ èyí. Wọ́n ti ń ṣú láti ìdí. Ìyá mi ti bi mí lẹ́ẹ̀mejì bóyá mo ti jẹ́ iṣẹ́ òun, mo sì dá a lóhùn pé ọ̀nà kò tíì gbé mi débẹ̀. Láti ẹnu ọ̀nà mi dé Emùré, ọkọ̀ kan péré ni.